Àkàbà Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Jọ Ń Gbé

Kò sẹ́ni tí mi ò bá jà lọ́dún náà, kí n tó wá lọ bá ẹni tí kò ṣẹ̀ mí jà. Iṣẹ́ àtúnṣe wáyà iná ni mò ń ṣe ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, iṣẹ́ tí tajá tẹran ń bú. Bí iná bá lọ, èébú ni. Bí a bá gbé àkàbà dé láti tún un ṣe, èébú náà ni, wọ́n á ní a pẹ́. Ta ló wá ń béèrè bí ọrùn ṣe ń rí lára ẹni tó gbójú sókè látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, tí bẹ́líìtì so ìbàdí rẹ̀ mọ́ òpó?

Èjìká ọ̀tún, níbi tí mo ti ń gbé àkàbà, ni ìrora tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ó gun ọrùn, ó sì fi ibẹ̀ ṣelé. Nígbà tó yá, bí mo bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ni mò ń yí. Alájì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Zoo Road kí mi kú iṣẹ́ pé “Sannu da aiki,” mo dáhùn láìwo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló bá ní agbéraga ni mí. Mo jẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ń fi òrí gbígbóná ra ọrùn mi nílé, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá ta sí ẹnikẹ́ni létí, èmi àti ẹ̀ ni.

Ìdí ni pé ní ọ́fíìsì wa, ẹni tí kò bá lè gun òpó mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ ní kó máa pín ìwé iná kiri ojúlé. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ní apínwèé ti pọ̀ jù, kó máa lọ sílé. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni méjì. Mo ní wọn ò ní fi mí ṣe ẹ̀kẹta, kódà bí ọrùn náà yóò bá ṣẹ́.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ọ̀ffà, la jọ ń gbé àkàbà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n níwájú, èmi lẹ́yìn. Ẹni iwájú kò rí ẹni ẹ̀yìn, nítorí náà ẹni ẹ̀yìn ló máa ń pe “Sauke,” pé ká sọ̀ ọ́. Ẹni iwájú á dáhùn “Na ji,” pé òun ti gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó yọ èjìká. Bí ọ̀kan bá yọ èjìká láìpè é, gbogbo rẹ̀ á wó sí ọrùn ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo rí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń jáde ní yàrá ọ̀gá, wọn ò sì wò mí lójú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀gá dúró níwájú gbogbo wa, ó ní òun ti gbọ́ pé ọrùn ń dun àwọn kan tí wọ́n sì ń fi í pamọ́, òun yóò sì mọ̀ wọ́n. Èmi ló ń wò, àbí ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ta ló tún lè sọ fún un? Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń rí mi bí mo bá ń fa ojú ro lórí òpó. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa wá da epo sí i. Ó fi òróró pa ọrùn mi, ó ní ọwọ́ ọ̀tá ni, ọ̀tá náà kò sì jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo gbà á gbọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Mo bá ẹ̀gbọ́n yan odì. Bí wọ́n bá kí mi, mo máa ń gbọn eruku lára aṣọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, “Sauke” nìkan lọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi sí wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan la gbé àkàbà wọ ọjà Singer, jẹnẹrétọ̀ ń ké ní gbogbo ẹnu ṣọ́ọ̀bù. A ti dé ìdí òpó nígbà tí ọrùn mi ta mí bí ẹni ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Mo lè pè é. Kò sóhun tó ṣe ẹnu mi. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n náà jẹ díẹ̀ nínú ìrora ọ̀hún, mo sì yọ èjìká. Àkàbà wó sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹ̀gbọ́n, wọ́n ṣubú lórí eékún, wọn ò sì lè gbórí sókè títí a fi gbé wọn dé ọsibítù.

Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ sílé wọn ní Noman's Land. Ìyàwó wọn ò dáhùn ìkíni mi, ó kàn fẹnu júwe yàrá. Wọ́n ti fi kọ́là líle de ọrùn ẹ̀gbọ́n. Ìbínú mi kò tíì rọ̀, mo sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀gá nípa ọrùn mi.

“Ọrùn rẹ kẹ̀? Ọrùn tèmi ni mo lọ sọ,” wọ́n ní. “Wallahi, ó ti tó ọdún kan tí mi ò lè fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Mo ní kó fi ẹnì kan kún wa, kí àkàbà yẹn má pa àwa méjèèjì.”

Wọ́n ní ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí àwọn pé bí ara bá yá, kí àwọn má wulẹ̀ padà wá, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ “Sauke” kò yẹ nídìí àkàbà mọ́.

“Ó bi mí bóyá o pè é,” wọ́n ní. “Mo ní o pè é, pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n gbọ́. O pè é, àbí?”

“Mo pè é, ẹ̀gbọ́n.”

Wọ́n fẹ́ mi orí pé àwọn gbà, kọ́là kò jẹ́.