Lẹ́tà Àǹtí Jẹ́jẹ́

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Mi ò parọ́ fún un. Ó bi mí léèrè, mo sì dá a lóhùn.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì alájà mẹ́rin tí mò ń ṣọ́ géètì rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn, orúnkún rẹ̀ sì ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìkàwé tó wà lódìkejì títì wá ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú yàrá wọn, kò sì sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. Ọ̀gá wa bá a kọ lẹ́tà sí wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ó máa ń dákẹ́, ó wá fi "extremely" síwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá Géètì, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni 'extremely' yìí ń wí?"

Orí mi wú. "Ó ju 'very' lọ. Ó ti dé òpin pátápátá."

"Ṣé ó ti wá pọ̀ jù nìyẹn?"

Họ́wù! Tí nǹkan bá ti dé òpin, ṣé kò tíì pọ̀ jù ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Yéè! Ọ̀gá ti bà mí jẹ́. Wọ́n á ní odi ni mí."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní "gan-an" lásán ni. Akọ̀wé wa ní ìyìn ni. Àmọ́ dókítà tó wo orúnkún rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà síwájú ìrora sínú káàdì rẹ̀. Ṣé ìyìn nìyẹn náà? Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ wa lójú.

Lọ́jọ́ tí ilé ìkàwé pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó pinnu pé òun á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lẹ́nu. Ó kí wọn, ó kí ará ilé wọn, ó ròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ́ lápá, ó bá wọn dápàárá. Ó ní òun ò sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún un!

Lọ́sẹ̀ kejì, alábòójútó ilé ìkàwé gba ẹnu géètì kọjá. Mo bi í léèrè. Ó mi orí.

"Torí lẹ́tà yẹn la ṣe pè é. Àwọn tó ń kàwé ò fẹ́ ariwo. Ẹni inú lẹ́tà là ń wá, ẹlòmíràn ló wọlé wá bá wa."

Mo sọ fún Àǹtí Jẹ́jẹ́. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi! Ó gbé ìgbálẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń gòkè, ó ń dúró kó lè mí lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìdákẹ́ yìí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi síwájú rẹ̀.