Ọkọ̀ Tó Dorí Kọ Ìsàlẹ̀ Òkè

Évariste, mẹkáníìkì ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ní Dassa, kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ oníbàárà kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Martine, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un pé kó máa dorí ọkọ̀ kọ ìsàlẹ̀, kí èyí tó bá kọ̀ láti jí lè yí lọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló gbé ọkọ̀ Léonard, ọkọ Martine, sí nígbà tó pààrọ̀ ambreyáàjì rẹ̀, ìyẹn ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí jíà tó wọlé. Ó da òróró bíréèkì tuntun, èyí tí ambreyáàjì náà ń lò, sí i, ó sì fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá òróró náà jáde. Léonard tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó di ìgbà kejì tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó tó le."

"Aṣọ tuntun, ṣé kì í há èèyàn lọ́rùn ni? Máa wà á lọ, yóò bá ẹsẹ̀ rẹ mu."

Léonard rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, inú rírun dá Martine dùbúlẹ̀ ní Soclogbo, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Léonard gbé e sínú ọkọ̀, ó ń sáré bọ̀ ní ilé ìwòsàn Dassa. Ó dúró kí agbo màlúù kan kọjá. Nígbà tó tún tẹ ambreyáàjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ gbẹrẹfu. Jíà kò wọlé mọ́. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó rí alùpùpù. Martine ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Évariste fi okùn fa ọkọ̀ náà wá. Ó wo ọ̀pá, òróró kò jò. Ó wo ambreyáàjì, kò ní àléébù. Ó wá fà á lọ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́bàá títì, ó ní kí Claudine, ìyàwó rẹ̀, máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí òun ń tú ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ jíà, ibi tí afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá ń gbà jáde. Òróró tó jáde ń hó bí ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ tó sá pamọ́ sẹ́yìn, níbi tó ga jù nígbà tí ọkọ̀ dorí kọ ìsàlẹ̀, ló ń tú jáde. Kò tó ìdajì wákàtí, ambreyáàjì ti le.

"Ó ti dáa," ni Claudine wí.

"Ó ti dáa," ni Évariste wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Léonard ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá bá a kẹ́dùn pé ayédèrú ẹ̀yà ọkọ̀ ni wọ́n tà fún òun. Évariste lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá a ní Soclogbo.

"Léonard, ẹ̀yà ọkọ̀ kọ́. Ọwọ́ mi ni. O sọ fún mi, mo fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀."

Léonard ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ju òkúta kan sílẹ̀.

"Ṣé ó ti ń rìn?"

"Ó ti ń rìn."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wà á lọ́jọ́ Máàsì, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò lè jókòó sídìí ẹ̀ mọ́."

Máàsì ogójì ọjọ́ Martine, ìsìn ìrántí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò wáyé ní Dassa ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ọ̀nà Soclogbo sí Dassa yẹn kan náà, tí Martine kú sí, ni wọn yóò gbà.