Ohùn Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Làmídì

Ọjọ́ tí mo pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù lẹ́nu iṣẹ́ mi ni mo ṣẹ̀ jù. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Ta ni yóò mọ̀, nígbà tí àwọn kan ń ti orí bẹ́ǹṣì ṣubú nítorí ẹ̀rín?

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ṣe, ní yàrá fídíò àbúrò ìyá mi ní Sakété. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn tó kó gààrí àti àgbàdo wá láti Isàbà àti Ahoyéyé máa ń yà sọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó padà sílé. Faransé ni àwọn inú télé ń sọ, Faransé ò sì yé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ télé pẹ̀lú mikró, tí mo ń sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá: ohùn bàbá, ohùn ìyá, ohùn ọmọ, títí kan ti ewúrẹ́. Fífẹnulẹ́nu là ń pè é, torí bí ẹni inú àwòrán bá la ẹnu, tìrẹ náà gbọ́dọ̀ là. Bó bá pa á dé, kí o yáa dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọkùnrin inú fíìmù ti kú, èmi ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Àbúrò ìyá mi ní, "Rálíà, òkú kì í ráhùn. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ yà, nípa ìdílé kan tí kì í gbọ́ra wọn yé. Mo gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀, torí ohùn àwọn ará ìlú ni mo máa ń yá fún wọn. Bàbá ilé ń sọ̀rọ̀ bí alápatà wa. Ìyàwó rẹ̀ ń fimú sọ̀rọ̀ bí obìnrin kan tí n kò ní dárúkọ, torí ó ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ sì mú. Áà, ayé yẹn dùn.

Apá kan wà tí gbogbo wọn ń pè ní Apá Alágbàrù. Alágbàrù kan wọlé bá ìdílé yìí nídìí oúnjẹ, ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún wọn, ṣùgbọ́n akólòlò ni. Bó bá ti ní "A... a...", bàbá ilé á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Àkàrà lo fẹ́ rà?" Bí wọ́n ṣe ṣe é títí wọ́n fi tì í jáde nìyẹn.

Ohùn Ẹ̀gbọ́n Làmídì ni mo yá fún un. Ẹ̀gbọ́n yìí ń fi alùpùpù gbé èrò láàárín Sakété àti Pọ́bẹ̀, ó ń kólòlò, a sì máa fọwọ́ gbá itan kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo gbá itan tèmi náà. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ilé mọ ẹni tó jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ọjọ́ kejì, kó tó bèèrè ibi tí èrò ń lọ, wọ́n á ti ní, "Àkàrà lo fẹ́ rà?" Àwọn ọmọ ilé kéwú ń pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Pọ́bẹ̀. Àwa ní Sakété ní ara rẹ̀ ò gba ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, yàrá fídíò kógbá sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ. Lọ́dún yìí ni Sẹ̀sílì, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ olùkọ́ ní Pọ́bẹ̀, wá mi wá. Ó ti rí àwòrán náà kó sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Tàǹtí, Apá Alágbàrù ni àwọn àgbà ń bèèrè. Ẹ wá bá wa fẹnu lé e ní àgbàlá ilé ìwé wa."

Inú mi dùn, kí n má purọ́. A jọ wò ó nílé mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín.

"Tàǹtí, kí ni ọkùnrin yẹn fẹ́ sọ gan-an?"

Mi ò mọ̀. Èmi tí mo ti fẹnu lé e, ó ti tó ogún ìgbà! A dá fíìmù náà padà sẹ́yìn. Níparí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, alágbàrù náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́: ajá ti fẹnu kan ọbẹ̀ wọn. Níbẹ̀ ni mo máa ń gbé mikró sílẹ̀ kí n lè gba àtẹ́wọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Sẹ̀sílì.

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Làmídì ní Pọ́bẹ̀. Ó ti darúgbó. Ó ń bomi rin àwọn ọmọ ọ̀pẹ tó ń tà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ yín. Wọ́n tún ní kí n wá ṣe Apá Alágbàrù. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, n ò ní ṣe é. Bí ẹ bá sì fẹ́, màá jẹ́ kí alágbàrù yẹn sọ̀rọ̀ geere."

Ó gbá itan. "O... o ti gba ohùn mi lẹ́ẹ̀kan. O tún fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kejì?"

"Báwo ni kí n wá ṣe é?"

"J... jẹ́ kó kólòlò. Ṣùgbọ́n dúró dè é, kó p... kó p..."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ bá a sọ ọ́. Mo pa ẹnu dé. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Lọ́jọ́ tí a fi í hàn, ọ̀sán gangan, àgbàlá ilé ìwé kún. Iwájú ni Ẹ̀gbọ́n Làmídì jókòó sí. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti máa ń rín in tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ti alágbàrù jáde, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbé mikró sílẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"A... a... ajá ti fẹnu kan ọbẹ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nínú àwòrán, bàbá ilé ṣì ń lá ọbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.