Ọjọ́ tí Jíìpù Bàbá Ìkìrun Wọ Oko

Òórùn osùn, òórùn bẹntiróòlù, àti òórùn aṣọ àrán tuntun: bí mo bá di ojú mi lónìí, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá. Lẹ́yìn wọn ni Ìnísà fúnra rẹ̀ yóò tẹ̀lé e, pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà, àti ìkùukùu tó máa ń rọra gòkè láti ìhà odò Ọ̀tìn bí èéfín iná tí kò fẹ́ kí a mọ ibi tí wọ́n dá òun sí. Ara tèmi ni osùn wà. Ìyàwó ni mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn jíìpù Bàbá Ìkìrun ni mo jókòó sí, mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè díẹ̀ kí osùn má baà yí rọ́ọ̀gì wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Ìkìrun. Kòkó ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, Ìkìrun ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ la sì fi ń pè wọ́n. Ọwọ́ òyìnbó wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílùú rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n ti ra jíìpù náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ọkọ̀ iṣẹ́ ni. Ara rẹ̀ le bí ahun, tapólì ni òrùlé rẹ̀, pákó lásán ni ìjókòó ẹ̀yìn, ojú táyà rẹ̀ sì rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Kò sí ẹrẹ̀ tí kì í wọ̀, kò sí òkè tí kì í gùn. Àwọn ọmọdé Ìkìrun máa ń sá tẹ̀lé e, wọ́n ń pè é ní ewúrẹ́ onírin.

Ọdún kan wá dé tí kòkó ta dáadáa, Bàbá Ìkìrun ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ayé tuntun mu. Wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo. Nígbà tó máa fi padà dé, òrùlé rẹ̀ ti di páànù tó ń dán yinrin, wọ́n ti ki òwú sínú ìjókòó, wọ́n sì ti fi àrán aláwọ̀ ewé bò ó. Kọ́tìnnì funfun wà lójú fèrèsé. Rédíò ń sọ̀rọ̀ níwájú. Rọ́ọ̀gì pupa tẹ́ láti ẹsẹ̀ dírẹ́bà títí dé ìdí ìjókòó ẹ̀yìn. Àní táyà págunpàgun yẹn, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù lójú títì, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jọ̀lọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ yẹn, ìta ni yóò ti bọ́ bàtà, bí ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Pásítọ̀ wa pàápàá bọ́ tiwọn. O ti wọ jíìpù ọmọ mi rí, ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ nínú rẹ̀, tí fèrèsé ń dá gòkè tó ń dá sọ̀kalẹ̀ bí a bá ti fọwọ́ kan nǹkan báyìí. Inú mi dùn sí i, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọkọ̀ kankan tó tún dé ibi tí kọ́tìnnì funfun yẹn dé lójú mi.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní ìhà tiwa, ìyàwó kì í dákẹ́ lọ sílé ọkọ. Rárà ni yóò sun. Yóò máa ti ilé mọ̀lẹ́bí kan bọ́ sí òmíràn, yóò kúnlẹ̀, yóò fi ohùn dágbére, àwọn àgbà yóò sì wúre fún un. Bàbá rẹ̀ ni yóò kẹ́yìn. Bí bàbá bá ti wúre tán, ìyàwó kò gbọdọ̀ tún yà síbì kankan mọ́, ọ̀nà ilé ọkọ ló kù. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni wọ́n kọ́ mi ní rárà tèmi. Àwọn náà ni wọ́n tọ́ mi, nítorí n kò mọ ojú ìyá mi. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́ mi, bí a bá ń ya ẹ̀gúsí. Wọ́n á sọ ìlà kan, èmi á gbè é, ẹ̀gúsí á máa ró pà, pà, nínú igbá. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti dá wọn dúró sí abúlé oko lódìkejì odò, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Wọ́n kàn ránṣẹ́ sílé pé: "Ẹ sọ fún un pé mo ń retí ohùn rẹ̀."

Òwúrọ̀ la fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ. Àkọ́rọ̀ òjò wá rọ̀ mọ́jú, ó gbé igi tí a fi ń sọdá odò lọ. Ibi tó kù tí èèyàn lè gbà jìnnà sókè odò, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ rìn ín kò ní í padà dé kí àwọn obìnrin ilé ọkọ mi tó ti Òkukù wá mú mi ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, "A ó fẹnu ránṣẹ́ sí wọn. Wọn á wúre fún ọ láti ibẹ̀." Mo bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin agboolé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yìn mí pé ẹkún ìyàwó mi dùn, pé ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí mo ti ń ké sí i ni wọ́n ń yìn mí sí i.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ dákẹ́ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n, àwọn ni àkọ́bí ilé wa, kò sì sí ọkùnrin tí wọ́n ń bẹ̀rù lẹ́nu. Wọ́n yíjú sí Bàbá Ìkìrun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jíìpù dé láti wá gbé mi lọ sí Òkukù.

"Ọkọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Èyí? Ẹ̀gbọ́n mi, ojú títì la ṣe èyí fún. Ẹ wo àrán o!"

"Mo rí i. Ṣebí ojoojúmọ́ lo fi ń yí wa ká. Ọkọ̀ tó bá ń sá fún ẹrẹ̀, àga ni. Gbé e wọ yàrá, kí o gbé tábìlì síwájú rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Dírẹ́bà gan-an yíjú sí ògiri. Bàbá Ìkìrun kò rẹ́rìn-ín; wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ojú mi dáadáa.

"Ṣé ẹkún tòótọ́ ni èyí?"

"Tòótọ́ ni, Bàbá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bọ́ bàtà rẹ, kí o wọlé."

Èmi àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ wà lẹ́yìn, Bàbá Ìkìrun wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bóyá oorun tí n kò sùn mọ́jú ló fà á, bí àlá ni ìrìn náà rí lójú mi. Koríko tó ga ju èèyàn lọ ń tẹ̀ fún wa, ó ń tú omi sára fèrèsé. Kọ́tìnnì ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn, bí ó bá fì, màá rí igi kòkó nínú òjìji wọn, màá rí labalábá, bí ó bá tún padà, gbogbo ayé á di funfun. Ẹnì kan ń kọrin nínú rédíò, n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo ń sọ rárà mi sínú, mo sì ń rò ó pé bóyá bí ọmọ ti ń rìn wá sáyé nìyí, tí wọ́n ń gbé e bọ̀ nínú ohun rírọ̀, tí kò mọ ibi tí ọ̀nà já sí.

Odò ló jí mi. Jíìpù wọ inú omi, ó la àárín rẹ̀ kọjá, ó wá fẹ́ gòkè lódìkejì. Táyà yí, ó yí, ó yí lójú kan, ẹrẹ̀ ń fọ́n sókè. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Dírẹ́bà gé imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ táyà, táyà tu ú dànù. Ó nu ojú rẹ̀.

"Bàbá, táyà ti tẹ́lẹ̀ ì bá ti gòkè. Èyí tí ẹ wọ̀ fún un yìí, bàtà ijó ni."

Oòrùn ti kúrò ní àtàrí. Mo dúró sínú ẹrẹ̀, mo ń wo òkè tí abúlé wà, n kò sì lè sunkún mọ́.

Bàbá Ìkìrun pa rédíò. Wọ́n ká agbádá wọn sọ́rùn.

"Fà á yọ."

"Kí ni, Bàbá?"

"Rọ́ọ̀gì. Fà á."

Dírẹ́bà rò pé eré ni. Àwọn fúnra wọn ló wọlé, tàwọn ti bàtà, wọ́n ṣí i kúrò nílẹ̀ tìṣótìṣó. Wọ́n kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú táyà, wọ́n rọra fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni tó ń tẹ́ ẹní fún àlejò. Ọ̀kan kò tó. Wọ́n padà wọlé, mo sì gbọ́ tí àrán aláwọ̀ ewé yẹn ya fàà. N kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Jíìpù bú bí ẹkùn, ó gun orí rọ́ọ̀gì àti àrán, ó gòkè.

Iwájú ilé ni Ìyá Àgbà jókòó sí lórí ẹní. Wọ́n wo Bàbá Ìkìrun láti òkè délẹ̀. "Àgbẹ̀ wo nìyí?" Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ohùn sókè:

"Ìyá tó pọ̀n mí tí kò yára sọ̀ mí,
Mo wá gbàṣẹ lẹ́nu yín kí n tó máa lọ.
Ẹ fohùn sìn mí dé Òkukù,
Kí n má débẹ̀ bí ẹni tí kò ní ilé."

"Má sáré," ni Ìyá Àgbà wí. "N kò lọ síbì kankan."

Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo rọra sun ún títí dé òpin. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n wúre. Ọ̀rọ̀ ìwúre náà, n kò ní í sọ ọ́ fún ọ, tèmi ni.

Orí rọ́ọ̀gì yẹn náà la tún gbà padà, ibẹ̀ la sì fi í sílẹ̀ sí. Bàbá mi wúre fún mi. Nígbà tí a dé Òkukù, àwọn ìyàwó ilé wo jíìpù, wọ́n wo òwú tó yọ sí wa nídìí, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Ìyàwó wa, ṣé wọ́n fẹ́ ọ ni àbí wọ́n hú ọ nínú ebè?" Wọ́n bu omi, wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Omi náà pọ́n, wọ́n ní láti bu òmíràn.

Ilé ọkọ kò rọrùn fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀, o mọ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹnu àwọn èèyàn fẹ́ mú mi gbà pé èmi kì í ṣe nǹkan kan. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, màá kó iṣẹ́ mi lọ sẹ́yìn ilé, màá di ojú mi, títí n óò fi rí ọkùnrin àgbàlagbà kan lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń fọwọ́ tẹ́ ohun tó fẹ́ràn jù lọ láyé kí ó lè tẹ́jú dáadáa. Màá wá dìde, màá na gèlè mi, màá padà wọlé bí ọmọ tí ó mọ iye tí òun jẹ́.