Awò Alùpùpù Ìyá Bàbá Mi

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò kọjá pẹ̀lú awò ńlá lójú, ìyá bàbá mi ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Irú awò yẹn ló máa ń wọ̀ bí a bá ń fọ́ òkúta lẹ́sẹ̀ òkè fún àwọn tó ń kọ́lé. Àwọn obìnrin yòókù kàn máa ń dijú bí òòlù bá ń balẹ̀ ni.

"Ìyá, ẹ gbé wa dé ìlú Paouignan!" ni wọ́n máa ń fi í ṣeré, bí ẹni pé orí alùpùpù ló wà.

"Ẹ jókòó dáadáa, a ti ń lọ," ni yóò wí, á sì máa fọ́ òkúta rẹ̀ lọ.

Láràárọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, á fi èkejì wo igi oṣè tó wà lórí òkè iwájú ilé wa. Lẹ́yìn náà, á pààrọ̀. Ó ní ojú méjì máa ń bo àṣírí ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú òsì rí igi náà bíi pé èéfín bò ó. Àbúrò rẹ̀ gbé omi ewé wá pé kí òun kán an sí i lójú.

"Ọbẹ̀ ni mo ń fi ewé sè," ló fèsì. Ó ní kí n mú òun lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, igi oṣè náà sì padà yọ kedere.

Èmi ni mò ń wọ awò náà fọ́ òkúta báyìí. Àwọn obìnrin ń ní kí n gbé àwọn dé Paouignan, ojú sì máa ń tì mí láti fèsì. Ìyá bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń rí wọn láti abẹ́ ìbòòji lọ́ọ̀ọ́kán, tí á sì pariwo pé:

"Ẹ jókòó dáadáa, a ti ń lọ!"