Táyà Líle Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìlódè

Òórùn rọ́bà ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ìlódè. Màámi á lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ àbúrò mi, wọ́n á fi igi ìṣáná tẹ ẹnu táyà, atẹ́gùn á máa tú jáde, òórùn rọ́bà àtijọ́ á sì dàpọ̀ mọ́ ti ògì tó ń hó lórí sítóòfù. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà wò. Tó bá ti rọ̀ dáadáa, wọ́n á ní, "Ó tó. Ẹ máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ yín."

Sídíkátù ni orúkọ àbúrò mi yìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, èmi jẹ́ méjìlá. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Nínú ilé, ọwọ́ ló fi ń rìn. Á fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ láti yàrá dé ilé ìdáná, títí dé ẹ̀yìnkùlé, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mo ń bọ̀." Òde nìkan la ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Àlòkù kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fún wa, búréèkì rẹ̀ sì ti kú kó tó dé ọwọ́ wa.

Ilé wa wà lókè, ilé ìwé wà nísàlẹ̀, ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ ló wà láàárín wọn. Màámi kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé táyà tó bá rọ̀ kì í fẹ́ kúrò lójú kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú atẹ́gùn rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó tì í sọ̀kalẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé póńpù wá sí ilé ìwé, wọ́n á fún táyà ní atẹ́gùn kó le, nítorí òkè la fẹ́ gùn, wọ́n á sì fúnra wọn tì í délé. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Tí mo bá kùn, wọ́n á fi kún un pé, "Ohun tó bá ti ń yí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Èmi a sì máa kùn dáadáa. Kí a tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ilẹ̀ tó tẹ́jú la máa kọ́kọ́ rìn, ibẹ̀ ni táyà rírọ̀ ti máa ń jẹ mí níyà, bí ẹni ń ti odó nínú iyanrìn. A kì í tètè dé, èmi ni àwọn olùkọ́ sì ń nà. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n nà mí lẹ́gba mẹ́fà lójú gbogbo ilé ìwé. Ó dùn mí wọra. Mo ní n kò tún ní jẹgba mọ́ nítorí táyà.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi tètè jáde lọ sí ọjà Ìpetumodù. Wọ́n ti tú atẹ́gùn kí wọ́n tó lọ. Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, mo gbé póńpù, mo fún táyà méjèèjì ní atẹ́gùn títí wọ́n fi le gbagidi. Sídí ń wò mí. Ó ní, "Sístà mi, Màámi ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀." Mo ní kó panu mọ́. Bí mo ṣe ń tì í lọ, àfi bí ẹni pé kò sẹ́ni nínú kẹ̀kẹ́ náà, ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Sídí fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Mo rò pé mo gbọ́n ju ìyá mi lọ.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bóyá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ló ń fà mí. Bàtà mi ń yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, títí ó fi já mọ́ mi lọ́wọ́. Sídí kò ké. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síta, bóyá ó fẹ́ di nǹkan mú, kẹ̀kẹ́ kọlu etí gọ́tà, ó sì dà á sínú rẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Àwọn tó ń to eegun ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ́, kò sì nà mọ́. Ọwọ́ kan kò lè gbé ara. Ọmọ tí kì í pe ẹnikẹ́ni wá di ẹni tó ń jókòó sójú kan, tó ń pè wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọ̀."

Nígbà tí Màámi dé láti ọjà lọ́jọ́ náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò, wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Mo gbàgbé. Ìkánjú ọjà ni mo fi ṣe ọmọ mi léṣe." Sídí ń wò mí láti orí ẹní. Mo ń retí kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́, èmi náà kò sì sọ ọ́.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, ní ilé ìwé kan ní Ìlarè. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ ìfaragbúra, ìyẹn fíríkíṣọ̀n, sójú pátákó, tí mo ń ṣàlàyé bí táyà rírọ̀ ṣe ń tẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì ń gba agbára lọ́wọ́ ohun tó ń yí. Àwọn ọmọ a máa rò pé ọ̀tá ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé òun ló ń dá wa dúró, mo sì mọ̀ ọ́n ṣàlàyé dáadáa.

Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gbé Sídí lọ sí balùwẹ̀, wọ́n wò wá títí, wọ́n tún ní, "Ká ní mi ò gbàgbé ni." Mo ní, "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́, Màámi. Kádàrá Ọlọ́run ni." Sídí kò wo ojú mi. Ọmọ ọdún méjìlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn, ó kàn dákẹ́ ni. Èmi àgbà ni mo wá ń purọ́ mọ́ Ọlọ́run.