Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Gbé Ọ̀gá Ṣójà Pọ̀n

Èmi ni ọmọ mi kọ́kọ́ gbé pọ̀n kó tó kan ọ̀gá ṣójà, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sanra, n ò ní tàn yín. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Makola nílùú Accra, jíjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn kẹ́nkè, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará Ghana, àti ẹja díndín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ mi ní tirẹ̀ kúrú, ó sì tín-ín-rín. Ṣójà ni. Ìtọ́jú àwọn tó bá fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni wọ́n kọ́ ọ ní bárékè, ó sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ wọ́n ní kó gbé ọkùnrin kan sí èjìká kó sì sáré. Gbogbo ìgbà tó gbìyànjú ni òun àti ọkùnrin náà jọ ń wó lulẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá ti lè gbé èèyàn, kò ní bá wọn lọ sí ẹnubodè àríwá, kó jókòó sí ọ́fíìsì kó máa to oògùn.

Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn! Mo fajú ro, mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún, ijó ni mò ń jó. Kí lọmọ mi ń wá níbi tí wọ́n ti ń ri bọ́ǹbù mọ́ ojú ọ̀nà? Kó máa to oògùn rẹ̀ ní Accra ńbí jàre.

Àfi bó ṣe bú sẹ́kún, ọmọ tí kì í sunkún. Ó ní ọkọ̀ ò lè wọ inú igbó yẹn, àti pé ẹni tó bá gbé èèyàn sí èjìká ò ní ọwọ́ tó máa fi di ìbọn mú. Àwọn ọ̀gá ti ní kí ṣójà tó bá ní ọgbọ́n tuntun mú un wá, òun ò sì rí nǹkan kan rò. Ẹnu mi yìí! Ẹnu tó yẹ kí n pa dé ló là: "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mo gbé ẹ pọ̀n lọ́jà, tí mò ń na aṣọ fún oníbàárà, tí mò ń bá àwọn kayayo tó ru ẹrù mi jà, ṣé ọwọ́ mi dí ni?"

Ó wò mí. Mo mọ̀ pé mo ti dáràn.

Ó yọ ọ̀já òfì jáde nísàlẹ̀ àpótí mi, èyí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn nígbà tí mo bí i. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ ní pálọ̀ bí ẹni tí ìbọn bà. Ó fà mí sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọ̀já dì mí mọ́ra nídìí, ó fi ìró gba abẹ́ apá mi so láyà, ó dìde. Yéè! Ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ibi tó ti ń gbé mi yí tábìlì ká ni Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nílé wa, ní àdúgbò Lagos Town, ti yọjú láti kí wa.

"Ìyá, ṣé kò sí nǹkan o?"

Mo ní, "Alfa, ogun la wà!" Ó yí padà kíá.

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn ṣójà máa fi ọgbọ́n tuntun wọn hàn pé, wọ́n gba àwọn òbí láàyè ní pápá bárékè. Chale, bí wọ́n ṣe ń wí ní Accra, mo rí nǹkan! Ọmọkùnrin kan mú dírónù wá, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, tó ní yóò máa ṣọ́ ọ̀tá láti òkè. Ó fò, ó kọrí sí igi máńgòrò, ibẹ̀ ló há sí. Òmíràn ní fóònù òun máa ń wá omi fún ṣójà nínú igbó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọ̀gá ló júwe.

Ó kan ọmọ mi. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí n ò tíì rí eyín rẹ̀ láti àárọ̀, ló jáde wá dùbúlẹ̀. Ọmọ mi gbé e pọ̀n, ó dìde, ìbọn lọ́wọ́, ó sáré yí pápá ká. Mo ti ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó dúró kó lè mí ni nǹkan ṣe. Ẹni tó ti pọn gbogbo ọmọ ojúlé wa rí kì í dúró lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mira jẹ́jẹ́, ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ń gbá ọ̀gá àgbà nídìí, pẹ́, pẹ́, pẹ́. "Ó ti tó, ó ti tó, má sunkún mọ́."

Mo fi ìborùn bojú. Ó parí, wọ́n máa lé ọmọ mi! Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ó dá a dúró. Ọ̀gá bi í láti ẹ̀yìn pé kí ló sọ. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Twi.

Ọ̀gá ní, "Ta ló ní kó o dúró? Ṣé ẹni tí ìbọn bà kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ òun lẹ́kún ni? Máa gbá a lọ!"

Ọlọ́run mi! Ẹ̀rín bú, àwọn ṣójà ń wó lu ara wọn, ọ̀gá náà sì ń fi eyín hàn lẹ́yìn ọmọ mi bí ọmọ jòjòló.

Wọ́n gba ọgbọ́n náà. Wọ́n ní gbogbo àwọn olùtọ́jú ni yóò máa kọ́ ọ, ọmọ mi yóò sì bá wọn lọ sí ẹnubodè. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ tìrótìró títí mo fi délé. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó na ọ̀já sí mi, ó ní bárékè ti rán tuntun, kí n gba tèmi. Mo fi ìborùn nu ojú. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń gbá mi lẹ́yìn, pẹ́, pẹ́, pẹ́. "Ó ti tó, Màámi, ẹ má sunkún mọ́."

"Ta ló ń sunkún?" Mo já ọ̀já náà gbà, mo so ó mọ́ ọn nídìí, mo fà á le dáadáa. "Mú un lọ. O ò gbọdọ̀ fi rán ẹnikẹ́ni sí mi o. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá fún mi."